Róòlù Kẹfà

Mojísọ́lá kò tíì jókòó tó fi na fóònù rẹ̀ sí Bùsàrí.

"Bàbá, ẹ wò ó. Ṣé òun nìyí?"

Bùsàrí fi gíláàsì sójú. Àwòrán ọkùnrin kan ló wà níbẹ̀. Ó dúró nínú ọkọ̀ ojú omi, ó gbé àjẹ̀ lé èjìká. Bùsàrí mọ̀ ọ́n. Ó ti wò ó ní àìmọye ìgbà, láti ojú ihò kékeré kan lára ògiri.

"Òun ni."

"Atukọ̀ tí Dádì máa ń sọ?"

"Mo ní òun ni."

Ọmọbìnrin náà wá jókòó. Ó ní orí ayélujára lòun ti rí i. Wọ́n ti tún fíìmù náà ṣe, wọ́n ti fọ ìdọ̀tí ojú rẹ̀ kúrò, wọ́n sì ti fi í sínú àwo tuntun tí wọ́n ń pè ní bulúréè. Àwo náà rí bíi sídíì, ṣùgbọ́n àwòrán inú rẹ̀ mọ́ ju ti sídíì lọ fíìfíì. Bàbá òun, Adéníyì, yóò pé àádọ́rin ọdún ní Sátidé. Òun fẹ́ fi ta á lọ́rẹ.

"Ṣùgbọ́n ó wọ́n, Bàbá. Àwo nìkan kọ́, èèyàn gbọ́dọ̀ ra ẹ̀rọ tó ń lò ó mọ́ ọn. Ọkọ mi ní ta ló tún ń ra àwo láyé tá a wà yìí. Ó ní ká ra àga onítìmùtìmù fún Dádì, kí ẹ̀yìn wọn lè sinmi. Mo ní màá bi yín. Ẹ̀yin lẹ wà nídìí ẹ̀rọ sinimá láyé ọjọ́un. Tí ẹ bá ní ó tọ́ sí rírà, màá rà á. Tí ẹ bá ní kò tọ́, ó tán nìyẹn."

Bùsàrí dá fóònù padà fún un.

"Fún mi di ọ̀la."

"Ẹ fẹ́ rò ó ni?"

"Mo fẹ́ rò ó."

Mojísọ́lá rò pé ọ̀rọ̀ owó ni Bùsàrí fẹ́ rò. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó.

Ìtàn kan wà tí gbogbo Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó mọ̀. Ní ọdún 1979, Adéníyì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin káfíńtà láti Iléṣà, òun ló ń kan òrùlé fún wọn ládùúgbò. Ó já bọ́ láti orí ilé alájà kan. Ẹ̀yìn ló fi balẹ̀. Oṣù márùn-ún ló fi dùbúlẹ̀. Àwọn dókítà ò sọ pé kò ní rìn mọ́, ṣùgbọ́n wọn ò sọ pé yóò rìn. Nígbà tó yá, ó ní kí àwọn tó ń wá kí i má wá mọ́. Oúnjẹ di ohun tí ìyá rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ jẹ.

Lọ́jọ́ kẹta Iléyá ọdún yẹn, Bùsàrí kó ọkùnrin mẹ́ta lẹ́yìn, wọ́n wọlé tọ̀ ọ́. Wọ́n gbé e lórí ilẹ̀kùn kan tó ti kàn kó tó ṣubú, tí ẹni tó ni ín kò tíì wá gbé. Wọ́n gbé e gba àárín ọjà kọjá lọ sí sinimá tó wà ní Ìdúmàgbò nígbà náà. Ó ń bú wọn lọ lójú ọ̀nà. Wọ́n tẹ́ ẹ síwájú pátápátá, Bùsàrí sì gun òkè lọ sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Fíìmù Ṣáínà ni. Kò sẹ́ni tó lè ka orúkọ rẹ̀, nítorí náà wọ́n sọ ọ́ ní Atukọ̀. Atukọ̀ ni àkítọ̀. Bọ́ọ̀sì, ìyẹn ọ̀tá rẹ̀, gba odò lọ́wọ́ àwọn ará ìlú. Atukọ̀ fi àjẹ̀ bá a jà títí ó fi pa á, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ ti wọ òun náà níkùn. Ó dùbúlẹ̀ sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó kú, odò sì gbé e lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún rí i létí omi. Ó ń dìde bọ̀ láti orí ìkúnlẹ̀, ẹ̀wù rẹ̀ tutù, ó lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ó gbé àjẹ̀, ó wọ ilé tí wọ́n ń kó iyọ̀ sí, ó sì lu ogójì ọmọ ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì ní àlùbolẹ̀.

Gbogbo èrò sinimá ló fò dìde. Adéníyì náà di etí ilẹ̀kùn mú, ó gbé àyà sókè. Láti ìgbà tó ti ṣubú, kò sẹ́ni tó rí i kó ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Kí Kérésìmesì tó dé, ó ti ń dúró. Lọ́jọ́ ọdún tuntun, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìjẹ́rìí tó ń ṣe níbẹ̀ lọ́dọọdún láti ìgbà náà kò yí padà: "Ọkùnrin yẹn kú, ó dìde. Èmi tí mi ò tilẹ̀ tíì kú." Tó bá ti ṣe é tán, yóò ru iṣu wá sílé Bùsàrí. Yóò ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé tí ẹ gbé mi lọ." Ọdún márùnlélógójì. Kò pa ọdún kan jẹ.

Èyí ni ìtàn tí gbogbo àdúgbò mọ̀. Èkejì, Bùsàrí nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Láyé ìgbà yẹn, fíìmù kan ṣoṣo ni sinimá méjì máa ń pín lò. Inú agolo mẹ́fà ni róòlù mẹ́fà tí wọ́n ká fíìmù náà sí máa ń wà. Èbúté-Mẹ́ta ni wọ́n ti máa ń kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ti lo róòlù tán níbẹ̀, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sámúẹ́lì á so ó mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, á sáré gba orí afárá wá sí Ìdúmàgbò. Ọjọ́ Iléyá gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ fi Atukọ̀ hàn. Méjì tó kù ló yẹ kí Sámúẹ́lì gbé dé bí róòlù kẹrin ṣe tán, ṣùgbọ́n agolo kan ṣoṣo ló gbé dé. Ìkẹfà ni. Ó ti gbàgbé ìkarùn-ún sẹ́nu ọ̀nà lọ́hùn-ún.

"Padà lọ gbé e," Bùsàrí wí.

Àwọn èrò ń fẹsẹ̀ kilẹ̀ nínú òkùnkùn. Wọ́n ti ń fa bẹ́ǹṣì tu. Bùsàrí gbé róòlù kẹfà sórí ẹ̀rọ, nítorí òun ló wà nílẹ̀.

Inú róòlù kẹfà ni Atukọ̀ ti kú. Ibẹ̀ ni fíìmù náà parí sí.

Gbogbo sinimá dákẹ́ lọ wàì. Ẹnì kan wá ní àkítọ̀ kì í kú. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n dá owó àwọn padà. Ìsàlẹ̀ Èkó kì í gba irú rẹ̀ láyé ìgbà yẹn. Bọ́ọ̀sì ló ń kú, àkítọ̀ kì í kú. Wọ́n ti ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ lọ́dọ̀ Bùsàrí nígbà tí Sámúẹ́lì dé pẹ̀lú ìkarùn-ún. Bùsàrí gbé e sórí ẹ̀rọ láìwo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọkùnrin kan dìde létí omi, ẹ̀wù rẹ̀ tutù. Ariwo ayọ̀ tó sọ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé. Wọ́n ní omi ti dá a padà. Nígbà tí bọ́ọ̀sì yọ lójú fèrèsé, bọ́ọ̀sì tí gbogbo wọn ti rí i tó kú, kò ṣòro fún wọn. Wọ́n ní ìbejì ni, pé èyí ni èkejì rẹ̀.

Ọ̀gá tó ni sinimá gun òkè wá. Ó ní, "Bùsàrí, bí o ṣe tò ó yẹn, bẹ́ẹ̀ ni kí o máa tò ó."

Bẹ́ẹ̀ ló sì ń tò ó. Ọjọ́ kìíní, àṣìṣe ni. Lọ́jọ́ kẹta tó lọ gbé Adéníyì lórí ilẹ̀kùn, kì í ṣe àṣìṣe mọ́. Ó mọ ohun tó fẹ́ kí Adéníyì rí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì tí Mojísọ́lá wá bá a, Bùsàrí lọ sí Ìdúmàgbò. Tawfiq ló kù tó ń ta ojúlówó àwo níbẹ̀, láàárín àwọn tó ń ta wáyà fóònù. Ọmọ bí ogójì ọdún ni, ẹnu rẹ̀ mú.

"Bàbá, ẹ káàbọ̀. Ṣájà lẹ fẹ́?"

"Àwo."

Tawfiq wò ó bíi pé kọ́bọ̀ ló mú wá ra ọjà. "Ẹ jókòó, Bàbá. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ."

Bùsàrí sọ orúkọ tí wọ́n ń pe fíìmù náà, ó sì ṣàlàyé rẹ̀. Tawfiq mọ̀ ọ́n. Ó ní òun ti ta irú rẹ̀ kan fún oníbàárà òun ní Ìkòyí, òun náà sì jókòó wò ó kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ṣé ó tọ́ sí rírà?" Bùsàrí bi í.

"Ẹ jẹ́ kí n sòótọ́ fún yín, èmi tí mò ń tà á. Fíìmù tó jáde lánàá, ẹ má rà á, ẹ wò ó lórí fóònù. Fíìmù àtijọ́ ló yàtọ̀. Èyí tí ẹ̀ ń wò nígbà yẹn, ó ti há, ó ti já, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́. Ìdajì ni ojú yín rí. Àwọn tó ṣe àwo yìí padà lọ bá èyí tí kámẹ́rà kọ́kọ́ yà, níbi tí wọ́n tọ́jú ẹ̀ sí."

"Kò sí ẹ̀gún nínú ẹ̀?"

"Ó wà. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé wọ́n á fọ̀ ọ́ fọ̀ ọ́ títí ojú èèyàn á fi máa dán bí ike. Ìyẹn, kí ẹ sá fún un. Atukọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo èyí, iléeṣẹ́ kan náà ló ṣe é." Ó ti àwo fíìmù ìjà mìíràn bọnú ẹ̀rọ. Bùsàrí sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ó rí òwú tí wọ́n fi rán ọrùn ẹ̀wù ọkùnrin tó ń jà. Ó rí eruku tó dìde nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ balẹ̀. Ogún ọdún ló fi wà nídìí ẹ̀rọ, kò rí irú rẹ̀ rí.

"Ti Atukọ̀," ó wí, "bí ẹni tó ṣe é ṣe tò ó náà ló ṣe wà?"

"Gẹ́gẹ́ bí ó ṣe tò ó. Kò sí ìṣẹ́jú kan tó kúrò láyè ẹ̀."

Bùsàrí mi orí. Ó dúpẹ́, ó dìde.

Ó rìn padà díẹ̀díẹ̀. Ó lè ní kò tọ́ sí rírà. Kò ní jẹ́ irọ́ pátápátá. Iná kì í dúró. Bí ẹ̀rọ náà bá bàjẹ́, ta ni yóò tún un ṣe. Fíìmù kan ṣoṣo, owó gọbọi. Mojísọ́lá á ra àga, Adéníyì á jókòó sí i, á sì máa jẹ́rìí rẹ̀ lọ títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ṣùgbọ́n Bùsàrí rántí àwọn iṣu náà. Ọkùnrin tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni fún ọdún márùnlélógójì yẹ kó mọ ohun tó ń dúpẹ́ lé lórí.

Ó pe Mojísọ́lá.

"Rà á."

"Ó dá yín lójú, Bàbá?"

"Ó tọ́ sí rírà. Àmọ́ má tíì sọ fún un. Mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ kọ́kọ́ bá a sọ."

Lọ́jọ́bọ̀, ó lọ bá Adéníyì ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Ó bá a níwájú ilé, ó ń fá igi àpótí ìjókòó kan.

"Ará Èkó," Adéníyì wí, kò gbé orí sókè. "Ẹ ti rìn láti ibi yìí dé ibi yìí. Ṣé kò rẹ̀ yín?"

"Òṣómàáló, o ò tíì fẹ̀yìn tì?"

"Ìjẹ̀ṣà kì í fẹ̀yìn tì, ìlóṣòó la máa ń lóṣòó. Ẹ jókòó, Ẹ̀gbọ́n."

Bùsàrí jókòó. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń yí ọ̀rọ̀ po.

"Atukọ̀ kò dìde," ó wí.

Ọwọ́ Adéníyì dúró lórí igi.

Bùsàrí rò ó fún un: agolo mẹ́fà, kẹ̀kẹ́, róòlù tí wọ́n gbàgbé, èyí tó wà nílẹ̀ tó fi síwájú, ohun tí ọ̀gá wí. Kò yọ ọ̀kan sílẹ̀. Kò sì bẹ̀bẹ̀. Nígbà tó sọ ọ́ tán, Adéníyì ń fi ìka kó èérún igi jọ lórí itan rẹ̀.

"Lọ́jọ́ tí ẹ gbé mi lọ, ẹ ti mọ̀?"

"Mo ti mọ̀."

"Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ni."

"Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni."

"Mo sì ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, níwájú pẹpẹ. Ẹ̀ ń gbọ́ ọ, ẹ̀ ń jẹ iṣu mi."

"Mò ń jẹ ẹ́."

Ẹni méjì kọjá, wọ́n kí wọn, Bùsàrí nìkan ló dáhùn. Lẹ́yìn náà ni Adéníyì ní:

"Ẹni tó gbàgbé róòlù, ṣé ó wà láyé?"

"Sámúẹ́lì? Ó wà ní Ìkòròdú."

"Ẹ ní nọ́ńbà ẹ̀?"

Bùsàrí tẹ̀ ẹ́ fún un, ó fi ohùn rẹ̀ síta.

"Ta nìyẹn?" Ohùn àgbàlagbà ni.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Adéníyì káfíńtà lorúkọ mi, láti Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Mo wà pẹ̀lú Ẹ̀gbọ́n Bùsàrí, ti sinimá. Ẹ gbàgbé róòlù karùn-ún fíìmù kan sí Èbúté-Mẹ́ta, lọ́jọ́ Iléyá, ní 1979."

"Ṣé wọ́n ṣì ń wá a ni?"

"Rárá, sà. Wọ́n ti rí i."

"Mo gbé e wá o. Mo padà lọ gbé e. Kẹ̀kẹ́ yẹn kò ní búréèkì, Bùsàrí mọ̀. Ẹ bá mi bẹ ọ̀gá."

"Ọ̀gá ti kú, sà. Mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ni."

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ gbàgbé. Àìsàn ń ṣe mí nígbà yẹn. Àìrántí yín ló jẹ́ kí n dìde."

"Ẹ dúró," ni Sámúẹ́lì wí. "Ẹ jẹ́ kí n pe ìyàwó mi wá síbí. Ẹ tún un sọ fún un. Ojoojúmọ́ ló ń bá mi jà pé mò ń gbàgbé nǹkan."

Adéníyì tún un sọ fún ìyàwó. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Nígbà tó dá fóònù padà, ẹ̀rín náà ti kúrò lójú rẹ̀.

"Tirẹ̀ ti tán. Tiyín ló kù. Òun gbàgbé ni, ẹ̀yin mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mojísọ́lá ń ra fíìmù náà fún ọ fún Sátidé, bó ṣe wà gan-an. Èmi ni mo ní kó rà á."

"Kí ló dé tí ẹ ní kó rà á?"

"Kí o lè rí i."

Adéníyì mú ohun tó fi ń fá igi. "Màá wò ó ná. Tí mo bá wò ó tán, màá mọ ohun tí màá sọ fún yín."

Bùsàrí lọ sílé. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó ń retí kí Adéníyì pè. Kò pè.

Ní Sátidé, àwọn àlejò jẹun, wọ́n gbàdúrà fún ọlọ́jọ́ ìbí, wọ́n sì lọ. Ó ku àwọn mẹ́ta. Mojísọ́lá mú bàbá rẹ̀ jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, ó fi Bùsàrí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ti àwo náà bọnú ẹ̀rọ.

Ọwọ́ Adéníyì méjèèjì wà lórí orúnkún. Odò náà yọ, ó mọ́ débi pé èèyàn lè ka ewé tó léfòó lórí rẹ̀. Róòlù kìíní kọjá, ìkejì kọjá. Nínú ìkẹrin, àwọn ọmọ bọ́ọ̀sì fẹ́ jó ìlú, Atukọ̀ sì fi gbogbo òru tu ọkọ̀. Ó ń kó àwọn ọmọdé àti arúgbó sọdá, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Bùsàrí mọ ibi tí ìkẹrin parí sí. Ó di apá àga rẹ̀ mú.

Ìkarùn-ún bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ti mọ́ nínú fíìmù náà. Atukọ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀ létí omi. Ó ń dìde.

"Dá a dúró," Adéníyì wí.

Mojísọ́lá dá a dúró. Adéníyì kúrò lórí àga, ó rìn lọ síwájú tẹlifíṣọ̀n, ó tẹ̀ síwájú títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wò ó."

Bùsàrí lọ. Ẹ̀wù náà tutù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti ọrùn dé ìgbáròkó nìkan ló tutù; ṣòkòtò gbẹ, irun gbẹ. Abẹ́ abíyá rẹ̀ ti funfun níbi tí iyọ̀ ara ti gbẹ sí. Ẹ̀kán kan dúró sí ìsàlẹ̀ àgbọ̀n rẹ̀, kò tíì bọ́.

"Kì í ṣe omi odò," Adéníyì wí. "Òógùn ni."

"Òógùn ni."

"Ẹ mọ̀?"

"Mi ò mọ̀. Kò hàn láti ojú ihò yẹn."

Òtítọ́ ni. Gbogbo ìgbà tó fi ń tan fíìmù náà, omi lòun náà rò pé ó jẹ́. Ó dúró síbẹ̀, ó sì rántí fèrèsé yàrá Adéníyì ní oṣù Iléyá yẹn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n gbé e dé láti sinimá ló ti bẹ̀rẹ̀. Yóò di irin fèrèsé mú, yóò gbé ara rẹ̀, yóò ṣubú, yóò tún gbé e. Ìyá rẹ̀ á bọ́ ẹ̀wù lára rẹ̀, á fún un sínú abọ́ bí ẹni fún ẹ̀fọ́, á sì fi òmíràn wọ̀ ọ́. Ẹ̀wù mẹ́rin láàárọ̀ kan. Bùsàrí ló ń sá wọn.

Adéníyì padà jókòó. "Máa bá a lọ," ó sọ fún ọmọ rẹ̀.

Wọ́n wo ìkarùn-ún tán. Wọ́n wo ìkẹfà. Atukọ̀ pa bọ́ọ̀sì, ó dùbúlẹ̀ sínú ọkọ̀, odò gbé e lọ, kò sì padà. Orúkọ àwọn tó ṣe fíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lọ.

"Ó kú," Mojísọ́lá wí. Ó wo bàbá rẹ̀, ó wo Bùsàrí. "Dádì, ẹ ní ó dìde."

"Ẹ̀gbọ́n mi ló jí i fún mi," ni Adéníyì fèsì. "Wọ́n fi ẹ̀yìn fíìmù síwájú. Wọ́n sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́bọ̀."

"Ẹ ò bínú?"

"Mo bínú lọ́jọ́bọ̀. Mo bínú ní ọjọ́ Ẹtì títí di àṣálẹ́." Ó yí ojú sí Bùsàrí. "Mo rò pé odò ló gbé mi dìde. Mo ń wá ohun tí ẹ gbà lọ́wọ́ mi, mi ò rí nǹkan kan. Òógùn ọkùnrin yẹn, òun ló wà ńbẹ̀. Tèmi náà ló gbé mi dìde, kì í ṣe odò. Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ gbé mi lọ, Ẹ̀gbọ́n. Kò sẹ́lòmíràn tó ronú pé kó gbé mi lọ síbì kankan. Ẹ ṣé."

Bùsàrí ní alihamudulilai nínú ara rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ kan èjìká Adéníyì. Èjìká náà le bí igi ìrókò.

"Lọ́la," Adéníyì wí, "màá tún un jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, bó ṣe rí gan-an. Ẹ óò bá mi lọ."

"Èmi Mùsùlùmí?"

"Ẹ̀yin ẹlẹ́rìí. Wọn ò ní gbà mí gbọ́ bí ẹ ò bá sí ńbẹ̀. Ẹ lè jókòó sẹ́yìn."

"Bó bá jẹ́ pé tèmi lo fẹ́ sọ," Bùsàrí wí, "iwájú ni màá jókòó."